Ṣíbí Tí Kò Dúró Nínú Ọbẹ̀

Uiseong, ọjọ́ kejì tí a kórè tán

Sang-uk, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti ilé. Báwo ni ara rẹ nínú oòrùn ilẹ̀ Lárúbáwá yẹn? Ṣé ẹ̀yìn tí o ní ó ń dùn ọ́ ti san? Àwọn baba ńlá rẹ á dáàbò bò ọ́ lójú ọ̀nà tí ẹ ń là. Ara tèmi le, àfi orúnkún yìí tí kì í gbọ́ tèmi tí òjò bá ti ṣú. Ara Gil-su ọmọ rẹ náà le. Ti Mi-hyang àbúrò rẹ̀ ló jẹ́ kí n mú bírò.

A ti kórè ìrẹsì tán. Àbúrò bàbá rẹ àti àwọn ará ilé òkè ló bá wa gé e, ó sì dára. Ṣùgbọ́n n kò lè yọ̀, torí o mọ ohun tí a sọ fún ọmọ yẹn. Nígbà tí ìyàwó rẹ kú sí ọsibítù ní Daegu, tí ilé iṣẹ́ rẹ ò fún ọ láyè láti wálé, o kọ̀wé sí mi pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Mi-hyang. Tí mo bá dé, èmi fúnra mi ni n ó sọ fún un." Mo gbọ́ tìrẹ. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú, mo sì ní ìyá rẹ̀ ń gba ìtọ́jú lọ́nà jíjìn, pé tí a bá ti kórè tán, á dé.

Ó kọ́kọ́ ń béèrè ṣáá. "Màmá àgbà, ṣé ìrẹsì ti gbó?" Mo ní kò tíì gbó. Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́, kò sì jẹun mọ́. Á kàn máa fi ṣíbí ro oúnjẹ títí á fi tutù. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, díẹ̀ ló kù kí n nà án. Ó rù débi pé mo ń bẹ̀rù láti wẹ̀ ẹ́. Gil-su ní tiẹ̀ mọ òótọ́, ṣùgbọ́n kí ni ọmọ ọdún mẹ́wàá fẹ́ ṣe? Tí mo bá ti ń parọ́ yẹn, ilẹ̀ ló máa ń wò.

Lánàá, bí a ṣe kó ìrẹsì wọlé tán ni òjò dé. Mo ní kí n se guksi, fúláwà gígé nínú omi ọbẹ̀, bí ìyàwó rẹ ti máa ń ṣe tí òjò bá ń rọ̀, bóyá ẹnu ọmọ á ṣí. Mo pe àwọn méjèèjì sídìí iṣẹ́. Gil-su po fúláwà mọ́ ìyẹ̀fun sóyà, ó ń gbá a bí ẹni ń jà. Mo ní, "Rọra! Kó ṣáà ti rọ̀ bí etí èèyàn." Aláìgbọràn dá mi lóhùn pé, "Etí ta ni, Màmá àgbà? Tiyín ti gbẹ o." Mi-hyang fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo fi ọ̀pá gígùn tẹ́ fúláwà náà títí ó fi fẹ̀ bí aṣọ, mo ká a, mo sì ń fi ọ̀bẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Mi-hyang ń tú u sọ́tọ̀ kó má lẹ̀ pọ̀. Omi ẹja wẹẹrẹ ti ń hó lórí iná, pẹ̀lú elégédé tí ìyàwó rẹ gbìn sẹ́yìn ilé.

O rántí ìrù guksi, ìparí fúláwà tí a kì í gé wẹ́wẹ́, tí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin máa ń tìtorí ẹ̀ jà. Ìyàwó rẹ máa ń fi í sílẹ̀ tóbi fún àwọn ọmọ, n ó sì máa kùn pé, "Ìyá Gil-su, tí gbogbo rẹ̀ bá di ìrù, kí ni àgbà ilé ó jẹ?" Lánàá, mo fi í sílẹ̀ tóbi bíi tirẹ̀. Mo pín in sí méjì, mo yan án lórí ẹyin iná títí ó fi wú. Gil-su ò jẹ́ kí tiẹ̀ tutù kó tó gbé e mì. Mi-hyang di tiẹ̀ mú, kò jẹ ẹ́.

Nígbà tí mo bu ọbẹ̀, ó ní, "Ẹ bu abọ́ kan sí i." Mo bù ú. Ó gbé e síwájú tábìlì, ó fi ìrù guksi rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wá ń fẹ́ gbé ṣíbí dúró nínú rẹ̀. Ṣíbí ṣubú. Ó tún un gbé, ó tún ṣubú. Ló bá gbójú sókè. "Màmá àgbà, ṣé ìrẹsì sísè tó ti tutù wà?"

Háà, inú mi dùn! Mo rò pé ebi ti dé. Mo sáré bù ú wá. Ó ki ìrẹsì náà sínú abọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó gún ṣíbí sí i láàrin. Ṣíbí dúró.

Ọmọ mi! Ta la máa ń gún ṣíbí sínú ìrẹsì fún, bí kò ṣe òkú? Ẹnu ilẹ̀kùn ni Mi-hyang máa ń dúró sí tí a bá ń ṣe ìrántí bàbá rẹ, kò sẹ́ni tó kà á sí.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká jáde. Tí a bá ń wo Màmá, wọn ò ní lè jẹun."

A jáde, a pa ilẹ̀kùn dé, a kọ ẹ̀yìn sí i lábẹ́ òrùlé, òjò ń rọ̀. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ kan Gil-su. "Bọ̀dá, ẹ húkọ́." O mọ̀ pé ọkùnrin ilé ló ń húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó ṣílẹ̀kùn fún òkú. Gil-su hú ìkíní, ó hú ìkejì. Ìkẹta di ẹkún. Èmi náà sunkún, n ò lè pa á mọ́ra mọ́.

Mi-hyang ò sunkún. Ó wọlé, ó jókòó sídìí abọ́ náà, ó fa ṣíbí yọ. "Màmá ti yó. Ó ku tèmi." Ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó mu omi rẹ̀, òógùn bò ó nímú. Mo bi í pé ta ló sọ fún un. Ó ní kò sẹ́nì kankan. Ó ní, "Ẹ ti kó bàtà Màmá kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ń bọ̀, ṣé wọ́n máa ń kó bàtà ẹ̀ ni?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí wọ egungun nìyí. Ó tún na ọwọ́ sí abọ́ mìíràn. "Bàbá ńkọ́? Ẹ ní àwọn náà rìnrìn àjò. Ṣé kí n gún ṣíbí fún àwọn náà?" Mo ké, "Rárá o! Bàbá rẹ wà láàyè, ọ̀nà ló ń là." Ó wò mí. O mọ ojú tí a fi ń wo òpùrọ́. Ó ní, "Bàtà Bàbá náà ò sí lẹ́nu ọ̀nà."

Nítorí náà, Sang-uk, mi ò parọ́ mọ́, má sì tún bẹ̀ mí. Irọ́ tí a fi bo ikú ìyá rẹ̀ ló ti bo ìwọ náà mọ́lẹ̀. Má kọ̀wé sí mi mọ́, òun ni kí o kọ ọ́ sí, Gil-su á kà á fún un. Sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti kú. Sọ fún un pé ìwọ wà láàyè. Kí o sì di bàtà rẹ kan ránṣẹ́, èyí tó ti gbó, tí eruku ibẹ̀ wà lára rẹ̀. Mo ti gbá ẹnu ọ̀nà, mo ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀.

Kí ọ̀nà tí ò ń là má gbé ọ mì. Kí ẹsẹ̀ tó gbé ọ lọ gbé ọ padà. Kí ọwọ́ ọmọ rẹ sin ọ́, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ nísinsìnyí.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Ìyá Sang-uk

Àfikún: Ohun gbígbẹ tí o bá rí nínú àpò ìwé yìí, má dà á nù. Ìrù guksi Mi-hyang ni, ti àná. Ó ní òkú kì í fèsì, ṣùgbọ́n tí o bá wà láàyè lóòótọ́, kí o jẹ ẹ́, kí o sì kọ̀wé sọ bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó.