Ẹ Má Tíì Dín Oòrùn Kù, Àgbọn Mi Kò Tíì Gbẹ

Etí Òkun,
Àgbádárìgì.
18/2/93.

Tiwalolúwa,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí á kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ omi òkun. Náírà ogún ni o fi ránṣẹ́ pé kí n bu kẹ́ẹ̀gì méjì fún iṣẹ́ rẹ. Awakọ̀ tó gbé e láti Mọ́wó wá bá ọ gba mẹ́rìnlá, ó ní kẹ́ẹ̀gì jókòó sórí àga bí èèyàn, kò sì ṣeé fún pọ̀ bí èrò. Omi òkun, ọ̀fẹ́ ni. Ẹsẹ̀ tó lọ pọn ọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́, mo yọ márùn-ún. Náírà kan tó kù ló wà nínú àpò ìwé yìí. A ò jẹ ara wa ní gbèsè mọ́.

Wàyí o, ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Àlàáfíà la wà nílé, Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba yìí, nìkan là ń fara dà. Ìjọba sọ́jà ní kí á fún ìgbànú. Èmi tí kì í de ìgbànú, ìró ni mo ń fún, ó ti fún dé ibi tí mi ò lè mí mọ́.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí fẹ́ fi iṣẹ́ tuntun han àwọn ọ̀gá yín ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, bí èèyàn ṣe lè fọ́n omi oníyọ̀ sí ìkùukùu kó lè funfun sí i, kó dá oòrùn padà, kí ayé tutù. Inú mi dùn, nítorí mo mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Fírídọ̀ọ̀mù yín ni. Nígbà tí èmi gba fírídọ̀ọ̀mù iṣẹ́ aránṣọ, ojú gbogbo àgbà ni mo ti gé aṣọ tí mo sì rán an. Kò sí ọ̀gá tó ń gba ìròyìn iṣẹ́ lẹ́nu ọmọ iṣẹ́, ojú ló fi ń rí i. Nítorí náà mo mọ̀ pé ní Ọjọ́rú, ẹ ó dín oòrùn kù ní gbangba.

Ìyọnu mi rèé, ọmọ mi. Àgbọn irínwó ni mo ti là tí mo sá sí etíkun. Morìnsọ́lá tó ń ra àgbọn gbígbẹ fún epo ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, kì í sì í ra tútù. Bí oòrùn bá lọ, àgbọn á hu irùngbọ̀n funfun, owó ìdánwò Rewájú àbúrò rẹ á sì bá a lọ.

Mo ṣèèṣì sọ ọ́ fún Dosu apẹja. Ó sáré gbé ẹja yíyan méjì wá, ó ní kí n bẹ̀ ọ́, kí ẹ má sún ọjọ́ tí ẹ ó dín oòrùn kù síwájú rárá, pé oòrùn orí omi ti bó òun lórí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun. Mo ní, Dosu, ra fìlà. Ó ní ṣé ìyá oníṣẹ́ lòun ń bá sọ̀rọ̀ ni àbí oníṣẹ́ gan-an? Mo dá ẹja kan padà. Ìkejì, a ti jẹ ẹ́.

Ohun tí mo rò rèé. Aránṣọ kì í rán odindi agbádá kí wọ́n tó mọ̀ pé ó mọṣẹ́, ọwọ́ ẹ̀wù ti tó. Ẹ dín in kù díẹ̀ lápá Òtò àti Ìjànìkin. Àwọn olówó oṣù ibẹ̀ kò fi oòrùn ṣe nǹkan kan. Ẹ má sì pariwo o: bí sọ́jà bá gbọ́ pé oòrùn ṣeé dín kù, wọ́n á ṣòfin lé e, a ó wá máa tò fún un bíi kẹrosíìnì.

Bí ọ̀gá yín bá kọ̀ jálẹ̀, fi náírà irínwó ránṣẹ́, náírà kan fún àgbọn kan. Mi ò ní jẹ èrè lórí ọmọ mi.

Oòrùn rẹ kò ní wọ̀ lọ́sàn-án. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí tèmi náà wọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń retí èsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.