Ìdí Tí Mi Ò Fi Gun Òkè Oníyìnyín

Ẹ kú ilé o, Mọ́mì mi. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín, mo kí Dádì. Ẹ bá mi kí Àǹtí Bùnmi tó ń tọ́jú Kúnlé ní ọsibítù. Ṣé ara àbúrò mi ń mókun díẹ̀díẹ̀?

Ẹ ní kí n wá òkè gùn, kí n lọ ké pe Olúwa nítorí rẹ̀. Òkè wo ló wà ní Peckham tí mò ń gbé níbí? Mo bẹ ọ̀gá mi ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kó tó fún mi ní ọjọ́ méjì. Àwa mẹ́jọ láti ṣọ́ọ̀ṣì wọ bọ́ọ̀sì, ó di Scotland.

Mọ́mì, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́! Síbẹ̀, sùtánà funfun la wọ̀, a sì bọ́ bàtà bí ìṣe wa. Ibi tí a ti ń ki ẹsẹ̀ bọ yìnyín ni obìnrin kan tó ń ṣọ́ òkè náà ti sáré bá wa. Ó ní yìnyín tuntun ló já lé ti àtijọ́ tó ti dì gbagidi, wọn ò tíì lẹ̀ mọ́ra. Ẹsẹ̀ ènìyàn kan péré lè mú kí gbogbo rẹ̀ ya lulẹ̀, kó bo wa mọ́lẹ̀. Ó wo aṣọ wa, ó ní ta ni yóò wá rí aláṣọ funfun hú jáde nínú yìnyín?

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹ̀rù sì bà mí. Wòlíì wa ní kí ẹni tó bá nígbàgbọ́ tẹ̀ lé òun. Èmi ò lọ. Mo fọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé Ọlọ́run orí òkè wà nísàlẹ̀ náà. Inú bí Wòlíì, wọ́n ní èmi ni mo fẹ́ dí àdúrà àbúrò mi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, mo sunkún. Ìyá àgbà kan nínú wa ló kọ́kọ́ wá dúró tì mí, àwọn yòókù tẹ̀ lé e, Wòlíì náà sì padà wá bá wa. A kúnlẹ̀ níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí. Mo ń pe orúkọ Kúnlé títí ohùn mi fi há.

Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ń sọ ọ́ kiri níbí pé ojo ni mí, ó lè dé etí yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́kàn lé òkè yẹn. Àdúrà ọmọ kan ni ẹ rán mi, Mọ́mì. Mi ò fẹ́ kí ẹ máa sunkún ọmọ méjì.

Olúwa yóò jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ kálẹ́. Mo kí gbogbo ará ilé, àtàgbà àtọmọdé.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ ó tún fojú rí,
Fẹ́mi