Sabhagi, Omi Ìkòkò Rẹ Ti Dúdú

Ọdún mẹ́ta rèé tí o ti re ọ̀run, Sabhagi, ìyàwó àbúrò mi, ọlọ́wọ́ iṣẹ́ ọnà. Ọdún mẹ́ta, a ṣì ń fi ọ̀rọ̀ rẹ pa ara wa lẹ́rìn-ín lábẹ́ igi dóńgóyárò.

Ta ni ò mọ̀ ọ́ lábúlé wa? Ìwọ tí èèpo àlùbọ́sà kì í dé ààtàn nílé rẹ, o ti sè é pa aṣọ láró. Ìwọ tí o gé bébà dídán inú páálí tíì róbótó róbótó, tí o rán an síbi tí àwọn yòókù ń rán dígí sí. Khamiso ọkọ rẹ á ti oko dé, á bèèrè tíì, wàá ní, "Aṣọ ti mu ún." Á ní, "Ó dáa, kí aṣọ lọ fún wàrà ewúrẹ́ náà nìyẹn."

Ṣùgbọ́n aró dúdú rẹ ni baba. Páànù tí a fi ń yan búrẹ́dì rótì tó ti lu, ìṣó wíwọ́, bàtà irin kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ṣúgà ìrèké, omi, gbogbo rẹ̀ nínú ìkòkò kan. Aṣọ tí o ti rẹ sínú tíì, tó bá wọ ìkòkò yẹn, á dúdú bí irun ọmọ tuntun.

Àárín rálì Mumal ọmọ rẹ, ìbora alábùlẹ̀ tí ò ń rán fún un, ló kù tí o fi lọ, ojú ibi tí dúdú yẹ kó wà. Rálì ìgbéyàwó! Ọmọ náà fẹsẹ̀ múlẹ̀: "Ìyá àgbà, mi ò wọ ilé ọkọ láìsí ìbora tí màmá mi rán. Ẹ má sì fi dúdú ọjà sí i." Ẹ̀ẹ̀mejì la sún ìgbéyàwó síwájú. Ìyá ọkọ rẹ̀ ránṣẹ́ pé, "Ṣé ọmọ lẹ fẹ́ fún wa ni àbí aṣọ? Bí ìkórè ọdún yìí bá kọjá, a ó kan ilẹ̀kùn ẹlòmíì."

Mo gba ìkòkò rẹ, Sabhagi. Mo kó gbogbo ohun tí mo rí tí o ń kó sínú rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kẹrin, á hó, á rùn. Èmi tí ìkòkò kì í rùn nílé mi, màá dà á nù, màá fi eérú ha irin yẹn títí á fi máa kọ mànà, màá tún bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì! Aṣọ ń jáde bí omi ìfọsẹ̀.

Lọ́dún yìí, orúnkún dá mi dùbúlẹ̀ nílé ọmọ mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó fọ ìkòkò. Ìgbà tí mo dé, eṣinṣin ló wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé e, ó ku kí n dà á. Mumal di ọwọ́ mi mú.

"Ìyá àgbà, ẹ dúró. Òórùn ọwọ́ màmá mi nìyẹn."

A ti aṣọ tí a ti rẹ sínú tíì bọ inú rẹ̀. Ó jáde bí eérú, a nà án sáfẹ́fẹ́, ó ń dúdú lójú wa. Mo jókòó sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. O ṣáà ti sọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ìmọ́tótó yín yìí ni yóò pa yín."

Àwọn obìnrin péjọ sórí ẹní, a rán an, a kọ ọ́ lórin:

*Abẹ́rẹ́ lọ, òwú tẹ̀lé e,*
*Ìyá rán an, ọmọ fi bora,*
*Òtútù, yà fún wa.*

Ìkórè ò tíì tán tí Mumal fi wọ ilé ọkọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ fọwọ́ pa àárín rálì náà, ó tún fọwọ́ pa á. Wọ́n ní òun náà ti ń tọ́jú èèpo àlùbọ́sà báyìí.

Ọdún mẹ́ta, Sabhagi. A fẹ́ràn rẹ, àárò rẹ ò tán. Ìkòkò rẹ wà lẹ́yìnkùlé mi, ó ń hó, ó ń rùn. Èmi tí o mọ̀ yìí, mi ò fọ̀ ọ́.