Má Fi Fírì Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Òkè

Èmi aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wọn ni mo ń kọ lẹ́tà yìí. Ẹ̀gbọ́n yín ló ń sọ̀rọ̀. Wọn ò mọ̀wé, wọ́n sì ní mi ò gbọdọ̀ fi tèmi kún un.

Àbúrò mi, mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ara wa le. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n n kò ní lo ọ̀pá.

O ní kí n lé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọmọ mi kúrò nídìí mọ́tò torí bíréèkì tí kò mú lórí òkè. N kò lé e. Èmi náà wà nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà. A di àgbàdo kún un. Bí a ṣe fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ó fi í sí fírì, láìsí jíà kankan, kí epo má baà jó, ó wá ń tẹ bíréèkì láìgbẹ́sẹ̀. Òórùn jíjó gbòde, bíréèkì ò dáhùn mọ́. Ebè olóko ló dá wa dúró.

Nígbà tó tutù, bíréèkì tún mú. Mẹkáníìkì ní nǹkan kan ò bàjẹ́, ooru ni. Ṣé o rántí bí àdá ṣe ń gbóná tí Bàbá bá ń pọ́n ọn láìsinmi?

Mo ní, “Ta ló kọ́ ọ ní fírì?”

Ó ní, “Bàbá kékeré ni.”

Ìwọ nìyẹn. O sì fẹ́ kó àwọn ọmọ gba òkè yẹn wálé. Láti òkè ni kí o ti fi í sí jíà kìíní, kí ẹ́ńjìnnì bá ọ fà á sẹ́yìn. Bí epo bá jó, kó jó.

Ayọ̀ ni a ó fi rí ara wa. Má gbàgbé ìpara orúnkún mi.

Ìtẹ̀ka ẹ̀gbọ́n rẹ nìyí.
Ẹlẹ́rìí: Mẹkáníìkì, àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó ti jáwọ́ nínú fírì.