Ẹnìkan Ṣoṣo Tó Wá Jẹ́wọ́

Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta 2025
Ẹnìkan wá. Láti ìgbà tí mo ti dé ìjọ Áńgílíkà yìí n'Ísọlọ̀, gbogbo ọ̀sán Àbámẹ́ta ni mo ń jókòó sórí àga ìjẹ́wọ́, tí èmi àti ẹ̀fọn jọ ń wo ara wa. Wọ́n gba tùràrí, wọ́n gba agogo, wọ́n tiẹ̀ gbà láti máa pè mí ní Fáda – ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́? "Ti Àgùdà nìyẹn, Fáda."
Lónìí, obìnrin kan kúnlẹ̀. Àwọn tó ń gbálẹ̀ dúró, wọ́n ń wò ó látòkèèrè. Ó sunkún. N kò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí, n kò ní kọ ohun tó sọ. Ẹyọ Kan ni màá máa pè é.

Ajé, 10
Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà fẹ́ kí n wá ṣàlàyé ìwé tí mo kọ lórí pípa àṣírí ìjẹ́wọ́ mọ́. Orí mi wú.

Ẹtì, 14
Ìwàásù Àìkú – ìjẹ́wọ́. Mo ń wá àpẹẹrẹ tó máa wọni lára. Mo ní ọ̀kan. N kò ṣáà ní dárúkọ.

Àìkú, 16
Mo ní ẹnìkan wà tó ń wẹ ìyá ọkọ rẹ̀ láràárọ̀, tó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí ìyá náà tètè kú. Ó jẹ́wọ́, a dárí jì í. Mo ń retí àmín.
Gbogbo orí yí sí ìjókòó kẹta. Ta ni wọn ì bá tún wò? Ẹyọ Kan ni wọ́n rí tó kúnlẹ̀ níwájú mi rí. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó tì í. Ẹyọ Kan ká ìborùn rẹ̀, ó jáde.
Ọwọ́ yìí kan náà ni mo fi gbé Ara Olúwa sókè lẹ́yìn náà.

Ajé, 17
Ẹyin lọ̀rọ̀. Mo ti mọ òwe yẹn kí n tó mọ Bíbélì. Ojú ń tì mí.

Ọjọ́rú, 19
Mo pàdé Ọláyanjú, ọkọ Ẹyọ Kan, ní Bọ́ládé. Ì bá kúkú bú mi. Ó ní ìyàwó òun ti kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ṣógúnlé. "Ẹ ò ṣáà dárúkọ, Fáda. Ẹ kúuṣẹ́, sà."
Mo ránṣẹ́ sílé ẹ̀kọ́ àlùfáà pé n kò ní lè wá. N kò sọ ìdí. Ojo ni mí.

Ọjọ́bọ̀, 20
Ṣógúnlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kò sí nílé. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.

Àbámẹ́ta, 22
N kò jókòó sórí àga. Mo lọ bẹ ìyá Ọláyanjú. Mo dọ̀bálẹ̀ tẹ̀wù-tẹ̀wù. Wọ́n ní kí n dìde, kí n má fi eruku ba aṣọ Ọlọ́run jẹ́. Wọ́n ní ó pẹ́ táwọn ti ń gbọ́ àdúrà yẹn, pákó tín-ín-rín ló pín yàrá àwọn méjèèjì.
"Tó bá gbà á tán, èmi náà á ṣe àmín. Ó ti rẹ̀ mí, ó ti rẹ òun náà. Tílẹ̀ bá mọ́, á gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, á fọ ẹ̀yìn mi, a ò ní sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."
Wọn ò tíì wẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú. Mo gbé omi dé ẹnu ilé ìwẹ̀ fún wọn, mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí kò níṣẹ́. Mo bi wọ́n bóyá kí n gbàdúrà fún wọn.
Wọ́n ní rárá, ìjọ á gbọ́.