Oko Ẹlòmíràn Lábẹ́ Orúkọ Mi

Abúlé Vrelo,
Òkè Ivanjica.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kejìlá.

Ognjen, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù Graz. Mo kí ìyàwó rẹ kú ọwọ́ lómi, mo sì kí jòjòló tuntun káàbọ̀ sáyé. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àìsàn mọ ojúlé yín, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má sì bọ́. Ara èmi náà le, àfi orúnkún mi tó máa ń sọ fún mi pé òjò dídì ń bọ̀ kí rédíò tó sọ ọ́.

Ìwé ni mo kọ, n kò pè ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ yìí gùn, bí mo bá sì sọ ọ́ lórí fóònù wàá já a gbà mọ́ mi lẹ́nu kí n tó dé ibi tó ń dùn mí. Lóṣù tó kọjá, o ní kí n sọ fún Kúmù Vidosav, bàbá ìsàmì rẹ, pé kó múra sílẹ̀ fún ìsàmì ọmọ. Mo dá ọ lóhùn pé kí o wá ẹlòmíràn. O bi mí títí, n kò sọ ìdí rẹ̀. Jókòó, kí n sọ ọ́ fún ọ.

O mọ̀ pé yìnyín já lu oko èso màlínà wa gẹ́rẹ́ tí èso ń pọ́n bọ̀. Kò pẹ́ ju ìgbà tí ènìyàn fi ń mu ife kọfí kan lọ. Nígbà tí mo jáde, ilẹ̀ oko pupa bí ẹni pa ẹran síbẹ̀. Oko Kúmù tó wà létí odò ní ìsàlẹ̀ kò rí tó bẹ́ẹ̀, etí rẹ̀ kan ni yìnyín fọwọ́ bà. Àjọ tó ń ran àwọn àgbẹ̀ àgbègbè wa lọ́wọ́ wá ní àwọn kò gba ìwé mọ́. Wọ́n ní kí oníkálukú fi fóònù ya àwòrán oko rẹ̀ àti ti káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, kó gbé e sórí ìkànnì àwọn. Ibẹ̀ làwọn yóò ti wò ó, tí àwọn yóò fi mọ ẹni tó yẹ kí àwọn ràn lọ́wọ́.

Ta ni èmi bá mọ̀ bí kò ṣe Kúmù? Òun ló fà mí lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ ra fóònù. Ọjọ́ kan náà la rà á, oríṣi kan náà, nítorí olùtajà dín iye kù fún ẹni tó bá ra méjì. Ó wá sí ilé ìdáná mi, ó bá mi ṣí àyè tèmi lórí ìkànnì náà, ó ní kí n yan ọ̀rọ̀ aṣínà tí n kò lè gbàgbé. Mo ní Šarulja, orúkọ màlúù wa. Ó rẹ́rìn-ín títí kọfí fi gba imú rẹ̀ jáde. Èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́ tí àwòrán fi lọ, ìka lásán ni Kúmù fi ń tọ́ka. Mo bi í pé ibo ló lọ, nígbà tí mo ṣì ń rí i nínú fóònù. Ó ní, "Ẹ̀dà rẹ̀ ló lọ, Kúmà. Fọkàn balẹ̀, ibi tó lọ, kì í sọnù níbẹ̀." Ó padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìkànnì dá àwòrán káàdì mi padà pé ó ṣókùnkùn, mo tún òmíràn yà, mo dá a fi ránṣẹ́.

Oṣù Kẹjọ ni èsì dé: wọn kò rí àmì yìnyín kankan nínú àwòrán oko mi. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọ́fíìsì àjọ náà nílùú. Ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì yí ojú ẹ̀rọ rẹ̀ sí mi. Oko Kúmù ni mo rí níbẹ̀, Ognjen. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, èso rẹ̀ kún, odò ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, tirakítọ̀ pupa rẹ̀ sì dúró létí odò. Orúkọ mi ló wà lókè rẹ̀. Mo ní èyí kì í ṣe oko mi. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀rọ kì í purọ́. Ohun tí ẹ gbé sí i ló wà níbẹ̀." Mo fi èyí tó wà nínú fóònù mi hàn án. Ó ní àsìkò ti kọjá, àti pé ibi tó bá wu ènìyàn ló ti lè ya irú ìyẹn. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó bi mí pé, "Ta ló tún mọ ọ̀rọ̀ aṣínà yín?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wálé, òun ni mò ń bá sùn, òun ni mò ń bá jí. Kí ló dé tí Kúmù fi rọ̀ mí tó bẹ́ẹ̀ pé kí n ra fóònù bíi tirẹ̀? Kí ló dé tó fi ń bi mí léèrè ilẹ̀ wa tó bá tirẹ̀ pààlà, bóyá o máa padà wá dá a? Òun náà sì ti yí padà. Kò gba àárín igi plọ́ọ̀mù wa kọjá mọ́. Bí a bá pàdé níbi tí wọ́n ti ń gba èso, á yára tẹ fìlà bojú. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló kúkú ń gbé. Mo pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà mi. Mo ń tọ́jú fóònù sínú agolo ìyẹ̀fun. Géètì tí bàbá rẹ kò tì rí láyé rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tì í, àti lọ́sàn-án.

Lóṣù Kọkànlá, ọjọ́ ẹni mímọ́ ìdílé wọn pé, slava wọn. O mọ̀ pé wọn kì í pe ènìyàn síbẹ̀, ẹni tó bá mọ ara rẹ̀ ní ẹbí á dìde lọ fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe ìsàmì fún ọ, n kò pa á jẹ rí. Lọ́tẹ̀ yìí mo jókòó lójú fèrèsé, mò ń wo èéfín ilé wọn. Mo ní bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, yóò wá bi mí pé kí ló dé. Ẹnikẹ́ni kò wá. Ó dá mi lójú wàyí pé òun ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni o pè mí nípa ìsàmì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún gbọ̀nà ìlú lọ, ìjà ni mo gbé lọ́wọ́. Obìnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ́fíìsì wọn níwájú mi, Persida lorúkọ rẹ̀, láti ẹ̀yìn òkè lọ́hùn-ún ló ti wá. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Ó ní, "Ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ní oko mi nìyí. Èmi ò ní tirakítọ̀. Odò gan-an, a ò ní lọ́dọ̀ wa." Mo wò ó. Tirakítọ̀ pupa Vidosav ni. Mo bi í bóyá ó mọ ẹni tó ń jẹ́ Vidosav. Ó ní, "Ta nìyẹn?"

Báwo ni ènìyàn ṣe lè jí ọ̀rọ̀ aṣínà obìnrin tí kò fojú kàn rí? Kí sì ni èrè ẹni tó ń pín oko rẹ̀ fún gbogbo ayé? Èmi àti Persida kò kúrò nídìí tábìlì náà títí wọ́n fi pe ọmọbìnrin tó ṣe ìkànnì yẹn fún wọn, Tijana. Ó béèrè irú fóònù tí a ń lò. Ó tẹ nǹkan díẹ̀, ojú rẹ̀ funfun bí ògiri. Ó ní, "Ẹ má bínú, àṣìṣe tèmi ni. Irú fóònù yìí, nọ́ńbà ló fi ń sọ àwòrán lórúkọ: kìn-ín-ní, ìkejì, ìkẹta. Orúkọ tí fóònù bá sọ ọ́ náà ni mo fi ń pa á mọ́. Bí àwòrán kìn-ín-ní ẹlòmíràn bá dé, á lé ti ẹni àkọ́kọ́ jáde, á jókòó sáyè rẹ̀. Ẹni tó dé gbẹ̀yìn ló ń ni ilé." Ọkùnrin ìdí tábìlì ń to bébà tó ti wà létòlétò tẹ́lẹ̀. Tijana gba àwòrán wa lọ́tun, ó ní kí a máa retí èsì.

Láti ibi tí bọ́ọ̀sì já mi sí, ilé Kúmù ni mo gbà lọ tààrà. Kosara, ìyàwó rẹ̀, ló ṣílẹ̀kùn. Kúmù wà nídìí tábìlì, kò dìde. Mo rò ó fún un látòkèdélẹ̀, títí kan ohun tí mo fi í pè nínú ọkàn mi àti èsì tí mo fún ọ nípa ìsàmì. Ó fa ìwé ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ wálẹ̀ látorí ìkànnì, ó tì í síwájú mi. Ojú mi ni mo rí níbẹ̀, Ognjen. Káàdì ìdánimọ̀ mi, lábẹ́ orúkọ Vidosav. Èyí tí mo tún fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló ti lé tirẹ̀ jáde: àwòrán kẹta mi ni, ti káàdì rẹ̀ náà sì jẹ́ ìkẹta, torí ó ti ya oko lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, "Láti oṣù Kẹjọ ni mo ti ń wo ojú rẹ níbí, Kúmà. Mo rò pé o fẹ́ kí wọ́n pè mí lólè ni. Lọ́jọ́ slava, mo bu ọtí sínú ife rẹ, mo ní bí ọwọ́ rẹ bá mọ́, wàá wá."

Ohun tí èmi náà ń sọ lójú fèrèsé nìyẹn. Kosara dá sí i. Ó ní, "Ẹ̀rọ ló gbé àwòrán yín fún ara yín, ó dáa. Ṣé ẹ̀rọ náà ló gbé ẹnu yín lọ?"

Nígbà tí mo dìde, mo bi Kúmù nípa ìsàmì ọmọ. Ó mi orí. Ó ní, "Má bi mí. Ọmọ tí mo gbé lọ́wọ́ lójú omi ló ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Òun ni kó pè mí." Mo ní èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìwọ. Ó ní ṣé ìwọ náà ò gbà fún mi ni? Nítorí náà, bí o kò bá tíì bá ẹlòmíràn sọ ọ́, mo bẹ̀ ọ́, pè é. Má sọ pé èmi ni mo rán ọ. Yóò mọ̀, ṣùgbọ́n má sọ ọ́.

Kí Ọlọ́run dá ọmọ náà sí fún yín. Kó dàgbà láàárín àwọn ènìyàn tí yóò lè bi léèrè ọ̀rọ̀ lójúkojú. Kí ọ̀nà tó gbé yín lọ gbé yín wálé láyọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń fojú sọ́nà,
Stamenka.

Àfikún: Tijana ránṣẹ́ pé òun ti tún un ṣe, pé àwòrán kọ̀ọ̀kan ti ní orúkọ tirẹ̀ tí ẹlòmíràn kò lè jẹ́, kí a wọlé lọ wò ó. Lánàá Kúmù gbé fóònù rẹ̀ wá sí ilé ìdáná mi, mo sì se kọfí. Oko mi wà lábẹ́ orúkọ mi, ojú rẹ̀, tó tún fi ránṣẹ́, wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó kan ká tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, mo rí i tó rọra yí àga rẹ̀ kọjú sí ògiri. Kò dùn mí. Èmi ti yí àga tèmi ṣáájú rẹ̀.