Ta Ló Wọ Ṣòkòtò Yín?

Bàbá mi ọ̀wọ́n tí mi ò rí bá jà mọ́,

Inú ń bí mi. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún, torí ẹ ò ní lọ sọ fún Màmá.

Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ kú ni wọ́n ti bọ́dà pa. Ráìsì tí Màmá máa ń gbé wá láti Kútọnu, gba ọ̀nà Ẹ̀gùá, kò wọlé mọ́. Ṣọ́ọ̀bù wa ní Igbógilà ṣófo, eku ló ń sùn níbẹ̀. Mo rò pé Màmá máa sunkún. Wọn ò sunkún. Tí wọ́n bá ti kírun Àsárì tán báyìí, wọ́n á jáde, wọn ò sì ní sọ ibi tí wọ́n ń lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Ìró wọn ń rùn bẹntiróò. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ lọ́dọ̀ wa níbí: obìnrin tí ìró rẹ̀ bá ń rùn bẹntiróò, fàyàwọ́ ló ń ṣe. Ẹ̀rù bà mí, torí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ò mọ ìyá ẹnì kankan. Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wo ẹ̀yìn ilé ìdáná, mi ò rí kẹ́ẹ̀gì. Nígbà tó yá, mo rí ibi tí sàlẹ́ńsà ọ̀kadà ti jó wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní omi gbígbóná ni. Omi gbígbóná wo ló ń jóni róbótó bí ẹnu ife? Mo sọ ọ́ sínú pé ọ̀rọ̀ ti di ti ọkùnrin nìyẹn. Ẹnì kan ló ń gbé Màmá kiri.

Àpótí yín ló wá dá mi lóró jù. Ṣòkòtò jíǹsì yín, èyí tí ẹ lẹ̀ lórúnkún, tí ẹ máa ń wọ̀ lọ sóko, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo sáré lọ wo ọ̀kadà yín lábẹ́ tapólì. Tapólì nìkan ló kù. Bàbá, ọkùnrin kan wọ ṣòkòtò yín, ó gun ọ̀kadà yín, ó gbé ìyàwó yín sẹ́yìn! Mi ò lè jẹun. Màmá bi mí pé kí ló ṣe mí, mo ní kò sí.

"Ojú ẹ gùn ju ti ewúrẹ́ lọ, o ní kò sí."

Lọ́jọ́ kejì mo tẹ̀ lé wọn. Pápá ilé-ìwé tí mi ò lọ mọ́ yẹn ni wọ́n yà sí. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn igi kajú. Mo rí ọkùnrin náà. Bàbá Rísí ni, arúgbó tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò lọ sí Ọjà-Ọ̀dàn, tí kò léyín iwájú. Ó di ẹ̀yìn ọ̀kadà yín mú, ó ń sáré tẹ̀ lé e. Ẹni tó wà lórí ìjókòó, tó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò yín sókè, Màmá ni.

"Ìyá Oníráìsì, ẹ má wo táyà! Iwájú ni kẹ́ ẹ wò!"

"Táyà yẹn ló ń wò mí! Ẹ má fi mí sílẹ̀ o!"

"Mo ti fi yín sílẹ̀ tipẹ́!"

Bí Màmá ṣe gbọ́ ìyẹn ni wọ́n ṣubú. Mo kígbe, mo sáré jáde. Wọ́n rí mi, wọ́n jókòó sínú iyẹ̀pẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gẹ́ ni Màmá fẹ́ máa lọ rà lóko, kí wọ́n fi din gàrí, kí wọ́n sì gbé e lọ sí Ìlaró fúnra wọn. Wọ́n fi pamọ́ kí àwọn ará ọjà má bàa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé obìnrin tí irun funfun ti yọ lórí rẹ̀ ń kọ́ ọ̀kadà. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò kọ́ ọ nígbà tí ẹ wà láyé. Wọ́n gbọn iyẹ̀pẹ̀ lára.

"Bàbá ẹ ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Mo bẹ̀ wọ́n títí, ó sú mi."

Kí ló dé, Bàbá? Ṣé ẹ̀rù pé wọ́n máa ṣubú ni, àbí ẹ̀rù pé wọ́n máa dìde? Nígbà tí òjò ń pa wọ́n níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀ ní Ẹ̀gùá, tí ọ̀kadà yín wà nílé, kí lẹ̀ ń rò? Màmá ni mo ń ṣọ́ látọjọ́ yìí, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ló yẹ kí n bi.

Lọ́la, èmi ni mo máa jókòó sẹ́yìn wọn lọ sóko. Tí a bá dé iwájú sàréè yín lójú ọ̀nà, màá ní kí wọ́n tẹ fèrè ọ̀kadà. Ẹ má rò pé ìkíni ni.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín tí inú sì ń bí